Orúkọ, Òkúta àti Ìwé: Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Ogún Ìṣẹ̀ǹbáyé láti Ọwọ́ Ìgbìmọ̀ Ìlú ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn

1. Ìfáárà

Bí ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ̀ǹbáyé bá délẹ̀ ní Ìbàdàn, ibi mẹ́ta ni ọkàn àwọn olùsọ̀rọ̀ sábà máa ń lọ: Gbọ̀ngàn Màpó, ilé gogoro Láyípo tó wà lórí Òkè Ààrẹ, àti ọdún Òkè'Bàdàn. Ẹni tó bá dárúkọ Dùgbẹ̀ mọ́ wọn yóò jọ ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibi owó ni Dùgbẹ̀, ibi báńkì, ibi ọkọ̀ àti ibi ìpàtẹ. Wọn kò kà á mọ́ ibi ìtàn. Èrò yìí ni àpilẹ̀kọ yìí tako.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jiyàn fún ni pé ìṣòro ìtọ́jú ogún ní Ìbàdàn kò ti inú àìsówó nìkan wá. Orísun rẹ̀ ni ìtumọ̀ tí àwọn aláṣẹ fún ọ̀rọ̀ náà 'ogún'. Ohun tí wọ́n fi òkúta kọ́, tó wà lórí òkè, tí ó sì níí ṣe pẹ̀lú àwọn alágbára, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ tí òfin ti fi lé ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́, èyí tí í ṣe orúkọ òpópónà, ọjà, ibùdókọ̀ àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, ni wọn kò kà sí irinṣẹ́ ìtọ́jú ogún rárá. Ọ̀nà tí lámèyítọ́ ń gbà ka lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ yìí lò. Ó ń ka ilé àti orúkọ bí ẹni ń ka ìwé. Ó ń bèèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi pa mọ́.

2. Ìlú Kan, Ọkàn Méjì

Ọ̀rọ̀ Dùgbẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú ni wọ́n sì kọ́ ibùdókọ̀ sí, ó jìnnà díẹ̀ sí àwọn agboolé àtijọ́. Ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ni wọ́n ń sọ ẹrù sí. Ibi tí wọ́n bá sì sọ ẹrù sí ni oníṣòwò ń pàtẹ sí. Báyìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, àwọn oníṣòwò ará Lébánónì, àwọn báńkì àti àwọn aláṣọ ṣe rọ́ dé Gbági àti Dùgbẹ̀. Ọjà'ba tó wà nísàlẹ̀ Màpó kò tìtorí èyí kú, ṣùgbọ́n ìlú ti di ọlọ́kàn méjì.

Akin Mabogunje, ògbóǹtarìgì onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìlú, ló fi ìpín yìí hàn kedere jù lọ nínú ìwé rẹ̀ lórí bí ìlú ṣe ń dàgbà ní Nàìjíríà, èyí tó jáde ní ọdún 1968. Àlàyé rẹ̀ ni pé Ọjà'ba ni ọkàn ìlú àtijọ́, tí Gbági sì jẹ́ ọkàn ìlú tuntun. Ìpín náà wúlò púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí Ìbàdàn ṣe tò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́ di òṣùwọ̀n ìtọ́jú ogún, yóò di nǹkan mìíràn: 'àtijọ́' yóò di ohun tí ó yẹ ní títọ́jú, 'tuntun' yóò sì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè wó nígbà tó bá wù ú.

Òṣùwọ̀n náà kò tilẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó. Ojú irin Dùgbẹ̀ fi ọdún 28 ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò, Dùgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, Màpó ni àbúrò. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ti Ìbàdàn, wọ́n ti gbàgbé láti ka àkísà Dùgbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti di kánkán. Ní ọdún 2021 tí wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, Mọ́níyà ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn sí, wọn kò kọ́ ọ sí Dùgbẹ̀. Iṣẹ́ tó sọ Dùgbẹ̀ di Dùgbẹ̀ ti ń ṣí kúrò níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì ti kúrò ní ibì kan, kò sí ohun tí yóò máa dáàbò bo ìtàn ibẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú rẹ̀.

3. Màpó àti Láyípo: Ohùn Ta Ni?

Ó yẹ kí ìwádìí kọ́kọ́ wo ohun tí ìlú ti tọ́jú, kí ó tó wo èyí tí kò tọ́jú. Ayé Ajẹ́lẹ̀ Ross ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó. Àwòrán ilé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù ìgbà láéláé ni wọ́n wò kọ́ ọ, pẹ̀lú àwọn òpó ràbàtà níwájú. Bí ènìyàn bá kà á bí ìwé, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé agbára wà lókè, àwọn ará ìlú sì wà nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ nìkan. Ní ọdún 1954, lẹ́yìn ìdìbò, Adégòkè Adélabú di alága Ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn, àwọn tí ará ìlú fi ìbò yàn sì gba ipò tí ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìpàdé, ìgbéyàwó àti ayẹyẹ oríṣiríṣi ti ń wáyé ní Màpó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Ọba Lekan Balogun joyè Olúbàdàn ní ọdún 2022, àti Ọba Owolabi Olakulehin ní ọdún 2024. Ìlò ni ó sọ gbọ̀ngàn òyìnbó di ti Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ kìíní tí Màpó kọ́ni nìyí: ohun tí àwọn ènìyàn ń lò ni ó ń pẹ́.

Láyípo kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kejì. Ní ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1893 sí 1897. Bower yìí kan náà ló yin ìbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895. Orúkọ Bower ni ìjọba fún ilé náà. Àwọn ará ìlú kò gbé orúkọ yẹn lọ sílé. Wọ́n wo àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po bí ènìyàn ṣe ń gùn ún, wọ́n sì sọ ọ́ ní Láyípo. Orúkọ ìjọba ń bọlá fún ẹni tó lágbára. Orúkọ ará ìlú ń ṣàpèjúwe ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Kò sí ìwọ́de, kò sí ìwé ẹ̀hónú, síbẹ̀ orúkọ ajẹ́lẹ̀ ti di ohun tí àwọn tó kàwé nìkan rántí.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ará Ìbàdàn wo ilé, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí náà, ẹni tó bá kun ògiri Láyípo ní ọ̀dà, tó tún àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n tí kò kọ orúkọ méjèèjì àti ìdí wọn síbi tí àlejò yóò ti kà wọ́n, ìdajì ogún náà ni ó tọ́jú. Àríyànjiyàn tó wà láàárín orúkọ méjèèjì ṣe pàtàkì ju amọ̀ àti òkúta ilé náà lọ.

4. Ilé Kòkó: Ilé Ta Ni, Iṣẹ́ Ta Ni?

Ilé tó gbajúmọ̀ jù ní Dùgbẹ̀ ni Ilé Kòkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Cocoa House. Alájà 26 ni, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló sì fi owó tó ti ara kòkó wá kọ́ ọ. Ní ọdún 1965 ni iṣẹ́ parí lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1985, iná jó o. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní ọdún 1992. Ilé-iṣẹ́ Odù'a, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa bójú tó dúkìá àjọni àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ara Ìwọ̀-Oòrùn jáde, ló ni ín.

Èyí fi hàn pé ilé Dùgbẹ̀ lè rí ìtọ́jú bí olówó rẹ̀ bá rí i bí dúkìá tó ń mú owó wọlé. Ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò burú. Ohun tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ bèèrè ni pé kí ni ó fi sílẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa Ilé Kòkó ni ìtàn ìjọba tó fojú jìnnà ríran, àti ti ilé gíga tó kọjá ẹgbẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, láàárín 1968 sí 1969, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ilé náà parí, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn dìde nínú ogun Àgbẹ́kọ̀yà, nítorí owó-orí tó wúwo, ìyà tí àwọn agbowó-orí fi ń jẹ wọ́n, àti owó kékeré tí wọ́n ń rí lórí kòkó. Tàfá Adéoyè wà lára àwọn aṣáájú wọn.

Ìtàn méjèèjì jẹ́ ìbejì. Òógùn ojú kan náà ló kọ́ ilé, òun náà ló sì fa ogun. Ẹni tó bá mú àlejò dé ìdí ilé náà, tó sọ iye àjà rẹ̀ fún un láìdárúkọ Àgbẹ́kọ̀yà, ó ti sọ ìtàn oyin láìsọ ti ìtani oyin. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú ni láti rí i pé ìtàn kejì kò sọnù, nítorí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni retí pé ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó ilé ni yóò máa sọ ọ́.

5. Mbari: Ogún Tó Wà nínú Ìwé, Tí Kò Sí ní Òpópónà

Ogún kẹta kò ní òpó, kò sì ga. Ní ọdún 1961, Ulli Beier àti àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé bíi Wole Soyinka, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Chinua Achebe àti Ezekiel Mphahlele dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ nítòsí ọjà Dùgbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe eré, tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán, tí wọ́n sì ń tẹ ìwé. Song of a Goat ti Clark (1961), Heavensgate ti Okigbo (1962), àti Sirens, Knuckles, Boots ti Dennis Brutus, ará Gúúsù Áfíríkà (1963), wà lára ohun tó ti abẹ́ orúkọ Mbari jáde. Ní ìgbà náà, akéwì tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń dọdẹ ní ilẹ̀ rẹ̀ rí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ìdí ọjà Ìbàdàn. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tú àwọn ọ̀rẹ́ náà ká. Okigbo kú sójú ogun ní ọdún náà gan-an.

Kò sí yunifásítì kan tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Áfíríkà tí kò ní dárúkọ Mbari. Ṣùgbọ́n alábàárù tó ń gbé ẹrù kọjá ní Dùgbẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé ojú ọ̀nà rẹ̀ wà nínú ìtàn náà? Ó dára kí a fi Òṣogbo wé e. Ní ọdún 1962, Dúró Ládipọ̀ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Mbari jẹ́ ọ̀rọ̀ Ígbò; àwọn ará Òṣogbo fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n sì fà á gùn sí Mbari Mbayọ̀: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Nípa orúkọ ni wọ́n gbà gba ohun àlejò wọlé. Ohun tí Ìbàdàn ṣe fún Láyípo ni Òṣogbo ṣe fún Mbari. Ìbàdàn kò ráyè ṣe é fún Mbari tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ fi ń bá ayé sọ̀rọ̀.

6. Ohun tí Òfin Fi Lé Ìgbìmọ̀ Ìlú Lọ́wọ́

Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún irú ẹ̀sùn yìí ni pé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Lóòótọ́, òfin ọdún 1953 ló kọ́kọ́ dá àjọ tí yóò máa bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin ìjọba ológun nọ́ńbà 77 ti ọdún 1979 ló sì dá àjọ tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà lónìí sílẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi àyè sílẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láti ṣòfin lórí èyí tí ìjọba àpapọ̀ kò bá tíì mú. Ẹni tó bá wo Àfikún Kẹrin ìwé òfin náà, níbi tí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà, kò ní rí ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni yóò rí? Yóò rí ọjà àti ibùdókọ̀. Yóò rí itẹ́ òkú. Yóò rí ọgbà àti gbàgede. Yóò rí ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó. Yóò rí fífún ọ̀nà àti òpópónà lórúkọ, àti fífi nọ́ńbà sára ilé. Kí ni ìtàn Dùgbẹ̀ bí kò bá ṣe ọjà, ibùdókọ̀, orúkọ òpópónà àti àwọn tó kú síbẹ̀? Òfin ti fi ogún lé ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́ láìpe orúkọ rẹ̀.

Kíkéde ilé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí láti òkè wá kò sì tó. Ilé Ilọ́jọ̀, ilé àwọn Àgùdà ní ìdí Tínúbú ní Èkó, ti gba oyè ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni oyè náà lò lórí rẹ̀, kò sì gbà á là. Ní ìdà kejì, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi kún ogún gbogbo ayé ní 2005, ti ní olùsìn, ọlọ́dún àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń gbìjà rẹ̀ kí ìwé àṣẹ kankan tó dé. Òfin ń ran olùtọ́jú lọ́wọ́ ni. Kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ìṣòro gidi mìíràn ni ìpín tó wáyé ní ọdún 1991, nígbà tí wọ́n pín ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣàkóso ààrin gbùngbùn Ìbàdàn sí márùn-ún. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó lè pe gbogbo ìlú ní tirẹ̀. Màpó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀kan, Dùgbẹ̀ sí ọwọ́ òmíràn. Ìtàn kò mọ ààlà yìí. Ẹrù tó sọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ń rù lọ sí Ọjà'ba.

7. Omi Ògùnpa àti Ọ̀rọ̀ Owó

Atakò tó lágbára jù ni ti owó. Odò Ògùnpa ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Dùgbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omíyalé rẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì ba dúkìá púpọ̀ jẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ta ni yóò bá ìgbìmọ̀ tó ní irú odò bẹ́ẹ̀ wí pé kò kọ ìtàn sílẹ̀, nígbà tí kò tíì gbẹ́ gọ́tà tán?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín pa dànù. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ìmọ̀ nípa gọ́tà àti ìmọ̀ nípa ìtàn jẹ́ ohun méjì. Ta ló mọ ibi tí omi ń gbà kí wọ́n tó kọ́ ilé dí i? Àwọn àgbàlagbà àdúgbò ni. Nínú kí ni ìmọ̀ wọn wà? Ó wà nínú ìtàn ẹnu, àti nínú orúkọ ibi tí ó ń sọ ti àkúrọ̀, ti odò àti ti àbàtà. Bí wọ́n bá fi orúkọ olóṣèlú rọ́pò irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ ni wọ́n pa rẹ́. Nítorí náà, ìwádìí ogún kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí ìlú ń dúró di ìgbà ọrọ̀ kí ó tó ṣe. Ẹ̀mí ènìyàn lè sinmi lé e.

8. Àbá

Àbá mẹ́rin ni ó jẹ yọ láti inú àgbéyẹ̀wò yìí, kò sì sí èyí tó nílò òfin tuntun nínú wọn. Èkíní ni ìwé orúkọ: kí ìgbìmọ̀ tó fún òpópónà kan lórúkọ tuntun, kí ó kọ orúkọ àtijọ́ sílẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, àti ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀. Èkejì ni ohùn ọjà: òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ìsọ̀ mọ ìyálọ́jà, ó mọ alábàárù, ó mọ awakọ̀ tó pẹ́ jù. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá bá a rìn, kí wọ́n gba ohùn àwọn ènìyàn wọ̀nyí sílẹ̀ kí wọ́n tó papòdà. Ẹ̀kẹta ni ìwé: àkọsílẹ̀ ìpàdé, àwòrán ilé àti ìwé owó ọjà tí ó ti pẹ́ yẹ kí ó lọ sí Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, òun ni àwọn òpìtàn sì ń kà. Bí ìgbìmọ̀ kò bá fi tirẹ̀ síbẹ̀, ojú ajẹ́lẹ̀ ni ayé yóò máa fi wo Ìbàdàn. Ẹ̀kẹrin ni pé kí ìgbìmọ̀ márààrún ní ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe kan fún iṣẹ́ yìí.

Èdè Yorùbá ni ó sì yẹ kí àkọsílẹ̀ náà wà ní àkọ́kọ́. Èyí kì í ṣe àṣà tuntun. Ní ọdún 1911 ni I. B. Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá, ó sì padà di Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́ ìlú yìí ti kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà láti gbọ́ ìtàn. Àwọn aláṣẹ tó tẹ̀lé e kò lè sọ pé àwọn kò rí àpẹẹrẹ.

9. Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé Màpó pẹ́ nítorí ìlò, pé Láyípo di ti ará ìlú nípa orúkọ, pé ìtàn Ilé Kòkó kò pé láìsí ti àgbẹ̀, àti pé Mbari gbajúmọ̀ níbi gbogbo ju ibi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé agbára tí ìgbìmọ̀ ìlú ní lórí orúkọ, ọjà àti ìwé tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkúta lè dúró de àtúnṣe fún ọdún mẹ́wàá kí ó má sì wó. Àgbà tó mọ ìdí orúkọ kan ní Dùgbẹ̀ kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.